Òkèlè Ìkẹyìn fún Ìmàdò

Òkú ìmàdò náà ní oúnjẹ lẹ́nu.

Dókítà Ludmiła Grot kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe òun. Láti aago méje àárọ̀ ló ti wà nínú yàrá tútù tí wọ́n ń kó òkú ẹran sí, ó wọ aṣọ funfun tó bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ó fẹ́ fi eyín ẹran náà mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ibà tó ń pa ìmàdò ní agbègbè náà kò ṣeé ṣe láìmọ ọjọ́ orí wọn. Ó fi irin la ẹnu ẹran náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì rí ohun tútù kan tó há sẹ́yìn eyín gígùn apá òsì. Ó fi ẹ̀mú fà á jáde. Ewé mẹ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ó pẹlẹbẹ, ìlà funfun méjì sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Radek," ó ní, "irú igi wo ló wà lẹ́yìn ọgbà Pani Genowefa?"

Sájẹ́ǹtì Radek dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ọlọ́pàá ni, ọmọ kíláàsì kan náà sì ni òun àti Ludmiła nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí òkú ènìyàn rí nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn ẹran yìí ti lé oúnjẹ àárọ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Paini," ó ní. "Paini nìkan. Iyanrìn ni gbogbo ibẹ̀, kí ló tún fẹ́ hù?"

"Ewé paini máa ń rí roboto ni, méjì méjì ló sì ń so. Wá wo èyí."

"Mi ò wò ó. Ìwọ sọ ọ́ fún mi."

"Ewé jodła ni."

Jodła jọ paini, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ igi rẹ̀ kan ṣoṣo ní abúlé Piaski tí wọ́n ti rí òkú náà. Òkè Jodła nìkan ló ti ń hù, òdìkejì odò, kìlómítà mẹ́sàn-án síbẹ̀. Ìmàdò tí ibà ti dá gúnlẹ̀ kì í ja ewé lórí òkè, kó gbé e sẹ́nu rin kìlómítà mẹ́sàn-án, kó tó wá ibi tí yóò kú sí.

Ibà yìí kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bó bá wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀, ekukáká ni yóò fi dá ọ̀kan sí. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ibà Áfíríkà, bí ẹni pé Áfíríkà ló wọ bàtà tó fẹsẹ̀ rìn dé Piaski. Àwọn àgbà wa ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀, a bàlú jẹ́. Ní Piaski lọ́dún náà, ìmàdò kò ṣe ju pé ó kú lọ, ìlú sì ti bàjẹ́.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí òkú yìí, ní nǹkan bí igba ẹsẹ̀ sí ọgbà Genowefa Mróz tí gbogbo wọn ń pè ní Pani, ìyẹn Ìyáàfin, opó ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ibà ló pa á. Lọ́jọ́ kejì ni àṣẹ jáde: gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ tó bá wà nítòsí ibi tí irú ìmàdò bẹ́ẹ̀ kú sí, pípa ni wọn yóò pa á. Abo ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni Pani Genowefa ní, abilà ni gbogbo wọn, irú àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi ogójì ọdún tọ́, tí kò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Kò sí èyí tó ń ṣàìsàn nínú wọn. Ọjọ́rú ni òní, ọkọ̀ àwọn apẹran yóò dé ní aago méjì ọ̀sán.

"Ohun tí òfin wí ni 'ibi tó kú sí,'" Ludmiła ní. "Bí ẹnì kan bá gbé e wá láti ibòmíràn, àṣẹ yẹn ò mú Pani Genowefa mọ́. Wọn á kàn máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ wò ni."

Radek wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù. Ta ló máa gbé òkú ìmàdò rìn kiri?"

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn."

*

Wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ibi tí òkú náà ti sùn. Iyanrìn funfun ni, ewé paini gbígbẹ bò ó. Ludmiła kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ tú ilẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́ imú ẹran náà bí àtè, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀kán kan lórí iyanrìn. Ẹrẹ̀ dúdú ló sì lẹ̀ mọ́ ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ní Piaski, ẹni tó bá fẹ́ rí ẹrẹ̀ dúdú àfi kó lọ rà á.

Ó sọ fún Radek pé ara ìmàdò tó bá ní ibà yìí a máa gbóná janjan, omi ló sì máa ń wá kó lè sùn sí. Nínú òkú mọ́kànlélọ́gọ́ta tí òun ti kọ sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù ló kú sétí odò tàbí sínú àbàtà. Ní Piaski, kànga Pani Genowefa ni omi tó sún mọ́ jù, ìmàdò kò sì lè fa omi níbẹ̀.

Pani Genowefa fúnra rẹ̀ dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ká ọwọ́ sáyà. Òórùn pòtétò tó ń sè fún àwọn ẹran rẹ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ó dáhùn ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò yà lẹ́nu ọ̀nà. Ludmiła rí i pé ojú rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn lemọ́lemọ́. Ọkàn Ludmiła kò balẹ̀, nítorí wọ́n ti ń sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì pé obìnrin yìí ló ju òkú ẹlẹ́dẹ̀ tirẹ̀ sínú igbó, pé òun ló kó ibà ran ìmàdò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí òun ń rò ti wọmi.

Ohùn kan ròkè nínú ilé náà, ó fà gùn-ún, ó sì dákẹ́.

"Fíríìjì ni," Pani Genowefa ní.

"Fíríìjì yín ń hanrun, Pani," Radek dá a lóhùn.

Ìyá arúgbó náà wò wọ́n títí, ó sì yà fún wọn. Lẹ́bàá ààrò, lábẹ́ àwòrán Màríà Mímọ́, abo ẹlẹ́dẹ̀ abilà kan nà gbalaja sórí kúbùsù, oyún inú rẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀. Kúbùsù náà, ti ọkọ Pani Genowefa tó ti kú ni.

"Ẹ ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún wọn," ó ní. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ṣẹ́kù kí irú wọn má bàa parẹ́."

Radek yíjú sí ògiri. Ludmiła kúnlẹ̀ ti ẹran náà, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó yẹ ẹran ìdí eyín rẹ̀ wò, ó wọn ìgbóná ara rẹ̀. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Àánú ìyá náà ṣe é.

Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni gba ẹ̀yìn ọgbà náà kọjá kí wọ́n tó rí òkú. Pani Genowefa rántí pé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, òun gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń fa tírélà lójú ọ̀nà igbó. Òun kò yọjú, torí òun rò pé Witek aládùúgbò òun ni, tó tún fẹ́ wá gé igi níbi ààlà tí òun àti ẹ̀ ń jà lé lórí láti ọdún mẹ́fà.

"Witek yìí kan náà ló sì rí òkú," Radek ní bí wọ́n ṣe ń padà sínú ọkọ̀. "Òun ló tún ń bà á jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì. Ọdẹ ni pẹ̀lú. Kí la tún ń wá?"

*

Witek Sowa ń la igi nígbà tí wọ́n dé, kò sì gbé àáké sílẹ̀. Ọkùnrin pupa tí ẹnu rẹ̀ mú ni. Kí Radek tó bi í ní nǹkan ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn.

"Àwọn awakọ̀ àjòjì ni. Wọ́n ń jẹ búrẹ́dì onísọ́séèjì sétí títì, wọ́n ń ju èyí tó ṣẹ́kù sígbó, ìmàdò ń jẹ ẹ́, ibà inú ẹran yẹn ló ń mú wọn. Mo rí lailọ́ọ̀nù wọn, mo tọ́jú ẹ̀."

"Mú un wá," Ludmiła ní.

Ó mú un wá pẹ̀lú ìyangàn. Ludmiła yí lailọ́ọ̀nù náà sókè sódò, ó sì fi déètì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára hàn án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n tà á. Ìmàdò náà sì ti kú, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì kó tó di Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní òkú kì í jẹ sọ́séèjì.

"Tírélà rẹ dà?" Radek béèrè.

Witek fi àáké tọ́ka sí i. Tírélà náà wà lẹ́yìn àká, kò ní táyà, koríko ti hù gba àárín pákó rẹ̀ yọ. Ó tó oṣù mẹ́ta tí kò ti kúrò lójú kan. Radek fi ẹsẹ̀ ta á, ojú tì í díẹ̀.

"Ẹ̀yin rò pé èmi ni," Witek ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ bá kàn bi mí. Mo kórìíra obìnrin yẹn, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi ń dùn mí. Èmi wo ló fẹ́ gbé ìmàdò ọgọ́rùn-ún kílò?"

Nínú ọkọ̀ ni Ludmiła ti wá la ọ̀rọ̀ ewé náà yé Radek. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ ní àṣà kan tó ti pẹ́ ju ìjọba lọ. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa ẹran, yóò ṣẹ́ ẹ̀ka igi tó bá sún mọ́ ọn. Ọwọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ṣẹ́ ẹ, kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ gé e. Yóò fi ẹ̀ka náà sẹ́nu ẹran, yóò ṣí fìlà, yóò dúró díẹ̀. Wọ́n ń pe ẹ̀ka náà ní òkèlè ìkẹyìn. Àṣà yìí ni ẹni tó gbé ìmàdò náà kò rántí pé òun ti ṣe, tàbí ó rántí, ó sì fà á yọ lẹ́yìn tí ẹnu ẹran ti gan, tí ewé mẹ́ta fi ṣẹ́kù síbẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kò sí ojú ọta lára rẹ̀," Radek ní. "Ibà ló pa á."

"Ohun tó ń rú mi lójú nìyẹn. A kì í fi òkèlè fún ẹran tó kú fúnra rẹ̀. Ta ló ń ṣe é?"

"Géètì ni tírélà máa gbà wọ igbó Òkè Jodła," Radek ní, "kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Witek."

Ludmiła mọ ẹni tí ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Pan Zenon Kurek, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Zenon, ni, olórí ọdẹ, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ Ludmiła, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, bí a ṣe ń ṣẹ́ ẹ̀ka.

"Kì í ṣe òun," ó ní.

"Kọ́kọ́rọ́ méjì ni, Ludmiła."

*

Ní ìdájí ọjọ́ náà, ọkọ̀ wàrà kan ti gbá ọmọ ìmàdò kan pa lẹ́bàá afárá. Òfin wọn ni pé kí ọdẹ kan wá wò ó, kó fọwọ́ sí ìwé, kí wọ́n tó gbé e lọ. Ludmiła ní kí Radek pe ọdẹ méjèèjì, kí wọ́n wá ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní òun yóò fi ibọ̀wọ́ rọ́bà fún ẹni tó bá dé, òun yóò wá ní òun gbàgbé ìwé sínú ọkọ̀, kí òun lè fi ẹni náà sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú òkú.

"Kí la máa máa wò?" Radek béèrè.

"Ọwọ́ wọn. Ènìyàn lè dá ẹnu rẹ̀ lẹ́kun. Ohun tó bá ti di bárakú fún ọwọ́, ọwọ́ kì í bi olówó rẹ̀ kó tó ṣe é."

Witek dé ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Láti inú dígí ọkọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Ó tan sìgá, ó fi orí bàtà yí ẹran náà padà, ó wo títì, ó wo aago. Nígbà tí Ludmiła gbé ìwé dé, ó fọwọ́ sí i láìkà á, ó sì lọ.

Pan Zenon dé ní aago mọ́kànlá kọjá. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, irunmú rẹ̀ funfun báláú, ó sì ṣì nàró bí igi láìka ọjọ́ orí sí. Ó kí Ludmiła bí ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ludmiła sọ ọ̀rọ̀ ìwé tó gbàgbé, ó yí padà, ó sì lọ sínú ọkọ̀. Ó jókòó, ó tẹ ojú mọ́ dígí. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí bàbá náà tan sìgá.

Pan Zenon kò tan sìgá. Ó dúró lẹ́bàá òkú náà fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rìn lọ sétí odò, ó fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré kan, ó padà wá, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra la ẹnu ọmọ ìmàdò náà. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ṣí fìlà.

"Ọlọ́run o," Radek ní jẹ́jẹ́.

Ludmiła jáde nínú ọkọ̀ láìmú ìwé kankan dání.

"Ọkọ̀ ló pa èyí, Pan Zenon. Ẹni tó wakọ̀ kì í ṣe ọdẹ. A kì í fún un ní òkèlè."

"Kí ló ṣẹ̀ tí kò ní jẹun?" bàbá náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Gbogbo ẹran tó bá kú nínú igbó mi ló ń jẹun kó tó lọ. Mo ti sọ fún ẹ láti kékeré."

"Ẹ sọ fún mi lóòótọ́. Èyí tó kú ní Òkè Jodła náà jẹun."

Ó la àtẹ́lẹwọ́. Ìgò kékeré kan wà níbẹ̀, ewé mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín náà kú lójú Pan Zenon. Ó wo ìgò, ó wo ẹ̀ka tó wà lẹ́nu ọmọ ìmàdò, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí ẹrú rẹ̀ ṣòfófó rẹ̀.

"Ẹnu rẹ̀ ti gan nígbà tí mo padà dé ibẹ̀," ó ní. "Mo fà á. Mo rò pé gbogbo ẹ̀ ló jáde."

Ọ̀rọ̀ náà wá ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ló rí i, lẹ́bàá ìsun omi, nínú ẹrẹ̀ dúdú. Ó ti fi òkèlè sí i lẹ́nu kó tó rántí pé ọgbà Danuta, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, kò ju ọ̀ọ́dúnrún ẹsẹ̀ síbẹ̀. Ẹgbẹ̀rin ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú ọgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó padà wá pẹ̀lú tírélà, ó fi ẹ̀rọ tó ń fa okùn gbé e sínú rẹ̀. Piaski ló gbé e lọ, nítorí ó mọ̀ pé Genowefa kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún ni tiẹ̀," ó ní. "Ẹgbẹ̀rin ni ti Danuta. O mọ ìṣirò, Ludmiła. Kí lo máa ṣe ká ní ìwọ ni?"

Inú bí Ludmiła débi pé ó gbàgbé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì kù tó gbọ́dọ̀ béèrè, ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ sì ń bà á ju ti gbogbo ìyókù lọ.

"Ta ló bá Danuta fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lóúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi ni. Èmi ni mo máa ń fún wọn."

"Bàtà wo lẹ wọ̀?"

Pan Zenon wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà ọdẹ tó gùn dé orúnkún ló wọ̀, ẹrẹ̀ dúdú gbígbẹ sì wà nínú ojú òwú tí wọ́n fi rán an. Ó wò ó títí. Ludmiła kò ní láti ṣàlàyé fún un pé kòkòrò ibà yìí lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹrẹ̀ láìkú, nítorí bàbá náà gan-an ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí kọ́ àwọn ọdẹ yòókù. Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀.

"Danuta pè mí láàárọ̀ yìí," ó ní. "Ó ní mẹ́ta ò jẹun. Mo ní ojú ọjọ́ ni."

*

Ọkọ̀ àwọn apẹran ti dé iwájú géètì Pani Genowefa nígbà tí ìpè Ludmiła wọlé sórí fóònù awakọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù. Awakọ̀ gbọ́rọ̀, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì kó dá a lójú, ó sì yí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà afárá, síhà ọgbà Danuta. Pani Genowefa dúró sójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń wo ọkọ̀ náà títí tí kò fi rí i mọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ilẹ̀kùn fún fíríìjì rẹ̀ pé kó máa bọ̀ níta.

Ní ọgbà Danuta, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ náà: ibà náà ti wọlé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mẹ́tàlélógún ti kú fúnra wọn, àwọn apẹran aláṣọ funfun sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ìyókù. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ láti kó òkú wọn sí gùn láti ẹnu ọgbà dé ìdí òkè. Radek gbà kí Pan Zenon dúró sẹ́yìn okùn tí wọ́n ta kó tó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá náà dúró láìsí fìlà lórí. Bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, nítorí bàtà ọdẹ ti wà nínú àpò Ludmiła.

Ó bi Ludmiła, láìwo ojú rẹ̀, bóyá wọ́n á jẹ́ kí òun ju ẹ̀ka kan sínú kòtò náà. Ludmiła ní a kì í ṣe é fún ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Kò mọ ìdí tí òun fi sọ bẹ́ẹ̀, ó sì dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́.

Danuta ló dá wọn lóhùn. Orí òkè ló ti ń bọ̀, kò sunkún, ẹ̀ka jodła sì kún apá rẹ̀ méjèèjì bí ìdì igi ìdáná. Ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀.

"Ẹgbẹ̀rin ni wọ́n, Bàbá," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ."